Àwẹ̀ró àti Ọmọ Tó Ń Fọwọ́ Kan Igi

Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà tó wà níwájú ilé wa yìí tó di ọ̀nà, nígbà tí gbogbo ibi tí ẹ jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó kìjikìji tí ọ̀bọ ń fò kiri nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn wa kò gbé ìhín. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní àwọn ènìyàn wa kò gbé ìhín. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Òkè-Ata ni wọ́n ń gbé, lápá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí òkúta pọ̀, tí igi kò sì tó nǹkan. Wọ́n ń gbin iṣu, wọ́n ń gbin ọkà bàbà, wọ́n sì ń dẹ ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìlú yẹn ni wọ́n mú Àwẹ̀ró wá ní ìyàwó. Àwẹ̀ró ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Òun ni gbogbo wa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀, àtẹni tó jókòó sórí ẹní, àtẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò ga, kò sanra, kì í pariwo. Wọ́n ní bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ lè má mọ̀ pé ó ti dé títí yóò fi kí yín. Ṣùgbọ́n ó lójú. Kì í ṣe ẹwà ojú ni mò ń sọ o, ojú tí a fi ń wo nǹkan ni. Bí Àwẹ̀ró bá ń wo nǹkan, á wò ó dáadáa, á wò ó pẹ́, kó tó lanu sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ọdẹ́níran ni ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́níran ti ní ìyàwó kan tẹ́lẹ̀, ìyàwó náà kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ìbídùn ni orúkọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Àwẹ̀ró wọlé, tí wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọmọ ilé ló sáré jáde wá wo ìyàwó tuntun. Ìbídùn nìkan ni kò jáde.

Àwẹ̀ró béèrè, ó ní, "Wọ́n ní ọkọ mi ní ọmọ kan. Ọmọ náà dà?"

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dáhùn. Ó ní, "Ìyàwó, kọ́kọ́ jókòó ná, kí o mumi. O ó rí i."

Ó rí i lóòótọ́. Ìdí àká ọkà ni ọmọ náà máa ń jókòó sí, lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ó ti dàgbà tó ọmọ tó lè ru omi, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́nu yín ni yóò sọ padà. Bí ẹ bá ní, "Ìbídùn, ṣé o ti jẹun?" yóò ní, "Jẹun." Kì í wo ojú ènìyàn. Á máa mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, á máa kùn lábẹ́lẹ̀ bí oyin. Igi tó bá sì wà lọ́nà tó ń gbà, àfi kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lára kó tó kọjá. Ìbáà ṣe igi ẹ̀mì, ìbáà ṣe òpó ilé, kì í fo ọ̀kankan. Bí wọ́n bá fà á kúrò kó tó fọwọ́ kàn án, á ké, á wó lulẹ̀, á máa forí gbálẹ̀.

Kí ni àwọn ará Òkè-Ata ń sọ? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹnu ń sọ. Àwọn kan ní orí ọmọ náà kò pé. Àwọn kan ní kì í ṣe ọmọ ènìyàn, pé ìyá rẹ̀ ló lọ gbé e nídìí àpáta. Àwọn tó kù ní agídí lásán ni, pé ẹgba ni yóò yanjú rẹ̀. Wọ́n sì nà án. Wọ́n nà án títí ó fi sú wọn. Bàbá rẹ̀ kì í nà án, ṣùgbọ́n kì í gbà á sílẹ̀ náà. Ojú ló ń tì í. Bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ọmọ lọ bá a nídìí àká, kó má bàa jáde.

Àwẹ̀ró kò dá sí i. Ó ń wò.

Nígbà tó yá, ó rí nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yìí máa ń ké jù. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, tí àwọn obìnrin ilé bá to odó kalẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán, Ìbídùn á fọwọ́ bo etí, á máa forí gbá ògiri, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin á sì mú pàṣán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé ọmọ odó tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Wọ́n dúró. Wọ́n rò pé nǹkan ló wọ̀ ọ́ lójú. Kò pẹ́, ọmọ náà dákẹ́ nídìí àká. Àwẹ̀ró ní, "Ó yá, ẹ máa gún un." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe agídí. Ariwo odó ló ń dùn ún."

Obìnrin tó mú pàṣán rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ariwo odó wo ló ń dun ènìyàn? Àwa tí a ń gún un ńkọ́?"

"Kò dun ẹ̀yin, Ìyá. Òun ló ń dùn. Bí iná ṣe ń jó yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ń jó o létí. Bí wọ́n bá ń nà yín nítorí pé iná jó yín, ṣé ẹ ò ní ké sí i?"

Obìnrin náà yí padà sídìí odó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó sì gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n gbé gbogbo odó lọ sí iwájú ilé, níbi tó jìnnà sí àká. Wọ́n kùn, wọ́n sì gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti gba ọmọ yìí sọ́wọ́. Ó rí i pé bí wọ́n bá gbé ẹrù tó wúwo lé e lórí, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀, yóò rìn geere bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ó rí i pé bí òun bá fi ọ̀já gbà á láyà dáadáa, bí ẹni fẹ́ pọn ọmọ, kì í mi ara mọ́. Ó tún rí i pé ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni ohun tó bá dé bá a lójijì. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, Àwẹ̀ró á lóṣòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í wò ó lójú, nítorí ó ti mọ̀ pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Á wá sọ bí ọjọ́ yóò ṣe lọ fún un. Á ní, "A ó pọnmi. A ó lọ sóko. A ó ru igi bọ̀. A ó jẹun."

Ìbídùn á ní, "Jẹun."

Ó parí nìyẹn. Wọ́n á dìde.

Ẹ má rò pé mo ní ara rẹ̀ yá o. Kò ṣàìsàn, kí ni yóò yá lára rẹ̀? Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Igi tó ń fọwọ́ kàn, ó ṣì ń fọwọ́ kàn án. Ilé ló yí padà díẹ̀.

Ó wá di ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ọdún kejì dé, kò rọ̀ tó ohun tí ń mú iṣu ta. Odò kan ṣoṣo tó wà ní Òkè-Ata gbẹ, wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi kan òkúta. Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́níran, ni olórí ẹbí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Ó kó gbogbo ẹbí jọ, ó ní, "A ó ṣí lọ sí ìsàlẹ̀, sínú igbó, ní òdìkejì odò ńlá. Ilẹ̀ dára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọdá odò náà kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, tórí bí odò yẹn bá kún, kò sí ẹni tí yóò sọdá rẹ̀ mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn."

Wọ́n di ẹrù. Wọ́n ru èbù iṣu, èyí tí wọn yóò gbìn bí wọ́n bá débẹ̀. Wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Pápá ni wọ́n ń là kọjá, igi jìn síra wọn. Ìbídùn á sáré lọ bá igi, á fọwọ́ kàn án, á sáré padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀ ni igi ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó gan-an, igi há mọ́ra wọn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kì í fo igi, nínú igbó. Á fọwọ́ kan èyí, á fọwọ́ kan tọ̀hún, gbogbo èrò á dúró. Wọn yóò rìn díẹ̀, wọn yóò tún dúró. Ọjọ́ ń lọ, ìkùukùu ń ṣú lójú ọ̀run. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kíkùn náà di ariwo, ariwo sì ń mú ọmọ náà ké. Bó bá ti ké, ìrìn ti bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Wọ́n dé abúlé kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sinmi. Ọdẹ́jìnmí lọ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé, ó pe Àwẹ̀ró.

"Ìyàwó wa," ó ní, "mo ti rí ibi tí ọmọ yẹn yóò gbé."

"Ọmọ wo, Baba?"

"Ìbídùn. Ọkùnrin kan wà níbí tó ní òun yóò gbà á, kó máa bá òun lé ẹyẹ lóko ọkà. Kò ní febi pa á."

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́níran ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ náà ni."

Ẹ má bínú sí Ọdẹ́jìnmí o. Bàbá tiwa náà ni. Ẹ̀mí púpọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, òjò sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Baba, mi ò ní kí ẹ dúró dè wá. Ẹ máa lọ. A ó máa bọ̀ lẹ́yìn yín, bí a bá ṣe lè rìn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ rẹ kọ́, Àwẹ̀ró. Ìwọ kọ́ lo bí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ẹni tó bí i ti kú. Ta ló wá kù?"

Ọdẹ́jìnmí yí padà, ó ní kí àwọn èrò múra. Ó ní kí wọ́n dín ẹrù kù kí wọ́n lè yára, kí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ èbù sílẹ̀, pé wọn yóò rí òmíràn tọrọ lọ́hùn-ún. Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ náà. Wọ́n wò ó bí ẹni tí ìrìn ti dà lórí rú.

Ìyá Àgbà wá jókòó lórí òkúta kan, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ẹ máa lọ ní tiyín. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé ni orúnkún ti ń dá mi lóró. Ojú ló ń tì mí láti sọ. Ìrìn ọmọ yẹn ni mo lè rìn."

Nígbà tí ó ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn. Àjọkẹ́, ìyàwó ilé kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ní òun náà yóò dúró, ọkọ rẹ̀ sì ní òun kò ní fi í sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ rí i, wọ́n ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Wọn kò kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni.

Àwọn tó kù lọ. Ọdẹ́níran bojú wẹ̀yìn, ó tún bojú wẹ̀yìn, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí wọn kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́, Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Obìnrin tí kò tíì bí ọmọ tirẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ti lọ, igbó ló wà níwájú, arúgbó àti aláboyún ló sì ń wojú rẹ̀. Ó ń ronú pé bóyá òun ló kó wọn sínú ewu. Ìbídùn wá láti ibi tó dúró sí. Kò wo ojú rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ lé igi, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mú un kúrò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò fọwọ́ kan ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Àwẹ̀ró nu ojú, ó dìde.

Ó fi ọ̀já gba ọmọ náà láyà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èbù tó wúwo náà lé e lórí. Ó lóṣòó, ó sọ fún gbogbo wọn, kì í ṣe fún ọmọ nìkan, ó ní, "A ó rìn. A ó fọwọ́ kan igi. A ó sinmi. A ó tún rìn."

Ìbídùn ní, "Rìn."

"Ìwọ ni kí o ṣíwájú," Àwẹ̀ró ní. "Bí o bá dúró, àwa náà yóò dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Bí Ìbídùn bá dúró ti igi, Ìyá Àgbà á fẹ̀yìn ti igi náà, á sinmi orúnkún. Àjọkẹ́ á mí kanlẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á gbé ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ lé gbòǹgbò. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan igi. Ó ní àwọn mìíràn tutù bí omi àmù, òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ yìí. Kò sí ẹni tó kígbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò sì ké.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ibi tí amọ̀ pupa wà, Ìbídùn ń po amọ̀ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Wọ́n ti sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó gbé e sórí itan. Lójijì, àrá sán. Òjò kò tíì rọ̀ o, àrá ló kọ́kọ́ sán, ó sán bí ẹni pé òkè ya. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ti gbé apẹ̀rẹ̀, ó ti sá wọgbó.

Ọkọ Àjọkẹ́ fò dìde, ó fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró di apá rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ má pè é. Ariwo ló ń sá fún. Bí ẹ bá pè é, yóò máa sá lọ ni."

"Báwo la ó ṣe wá rí i? Igbó yìí kò lópin."

Àwẹ̀ró ń wò. Ó wo igi tó sún mọ́ wọn jù. Àtẹ́lẹwọ́ pupa kékeré wà lára rẹ̀. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ó rí òmíràn. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó bà á, pẹ̀lú bó ṣe ń sá, ọmọ náà kò fo igi kan. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ nà án ní Òkè-Ata ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn.

Àwẹ̀ró ń lọ láti igi dé igi. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó sì mọ̀ pé bó bá rọ̀ gan-an, yóò fọ amọ̀ náà dànù. Ó yára, kò sáré. Ní ibì kan, kò rí àmì kankan mọ́, ìbẹ̀rù mú un, ó dúró. Ó ń yí igi kan po, ó ń wá a kiri, títí tó fi rí àmì ọwọ́ náà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni igi àràbà ńlá kan wà, gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí ògiri ilé. Ìbídùn wà láàrin gbòǹgbò méjì, ó fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ibi tó há jù, apẹ̀rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó di ojú pọ̀.

Àwẹ̀ró kò fà á jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé tọ̀ ọ́. Ó jókòó tì í, ó fi èjìká ti èjìká rẹ̀. Òjò wá rọ̀, òjò tó le. Àwẹ̀ró ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Òjò ń rọ̀. Òjò yóò dá. A ó jáde. A ó jẹun." Ó sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, ó sọ ọ́ títí òjò fi dá.

Ìbídùn ní, "Jẹun."

Nígbà tí àwọn tó kù, tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n rí i pé omi kan ń sun nídìí àràbà náà, omi tó mọ́ gaara. Ìyá Àgbà bu díẹ̀, ó mu ún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, odò ńlá sì ti ń kún, kò sí ẹni tí yóò sọdá. Àjọkẹ́ sì ti ń rọbí. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, ó sì bímọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n gbin èbù. Ilé wa yìí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibẹ̀ ni ẹ jókòó sí.

Nígbà tí omi odò fà, Ọdẹ́níran ló kọ́kọ́ sọdá padà. Ó ti rù. Ó ní ilẹ̀ òdìkejì dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí gbìn kò tó nǹkan. Ẹni tí wọ́n tọrọ èbù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní, ẹni tó ní kò fẹ́ fún wọn. Ó rí oko iṣu tó dúdú mìnìjọ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń ru igi bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó wá dúró níwájú Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbídùn. Ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ má wò ó lójú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà jókòó."

Ọdẹ́níran lọ jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ó tún lọ jókòó. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó pẹ́ gan-an kí ọmọ náà tó jẹ́ kó sún mọ́ òun, Àwẹ̀ró kò sì kán ọmọ náà lójú.

Lẹ́yìn náà ni Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó rìn yí oko po. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó béèrè ẹni tó rù ú dé ibẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Àwẹ̀ró, mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ. Bí mo bá mọ̀ pé ọmọ yìí yóò wúlò tó báyìí, n kì bá tí sọ pé kí a fi í sílẹ̀."

Gbogbo ènìyàn ń rò pé inú Àwẹ̀ró yóò dùn. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Baba, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e gba ibẹ̀ yẹn. Kì í ṣe nítorí èbù ni mo ṣe mú un dání. Bó bá ti da gbogbo èbù náà nù sínú igbó, n óò ṣì mú un dé ibí. Ìyá yín kò ru nǹkan kan. Ṣé kí n fi àwọn náà sílẹ̀ ni?"

Ọdẹ́jìnmí wo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà kò mú ojú kúrò lára Ọdẹ́jìnmí. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, olórí ẹbí tí kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Níbo ni kí n kọ́ ilé mi sí?"

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ibí yìí dára, Baba. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé odó sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe kó padà wá síbí. Àwẹ̀ró bí àwọn ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ni baba ńlá tiwa. Ìbídùn kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ní yàrá tirẹ̀, ó ní oko tirẹ̀, ó dàgbà, ó darúgbó nínú ilé yìí, ó ń kùn bí oyin, ó ń fọwọ́ kan igi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Kò sì sí ẹni tó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sídìí àká mọ́. Àárín ilé ló ti ń jẹ ẹ́. Bí kò bá sì fẹ́ àárín ilé, wọ́n á gbé e bá a níbi tó bá fẹ́, torí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí pé ojú ń ti ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí àwa ọmọ Àwẹ̀ró fi ń ṣe ohun tí a ń ṣe. Bí a bá fẹ́ jáde lọ síbi kan, ìbáà ṣe òkú, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, àgbà kan á kọ́kọ́ lóṣòó, á sọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ohunkóhun má bàa dé bá ẹnikẹ́ni lójijì. Bí a bá sì ti ń rìn, kì í ṣe olórí ẹbí ló ń ṣíwájú wa. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ falẹ̀ jù, tàbí ẹni tí ayé ń ni lára jù, òun là ń fi síwájú, gbogbo wa á máa tẹ̀ lé e.

Àwọn ará ìlú ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ nílé ìwé. Wọ́n ní àwọn ará Ilé Àwẹ̀ró kì í tètè dé ibi kankan. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé, gbogbo wa la máa ń dé.

Ó yá, ẹ lọ sùn. Ọ̀la la ó lọ mú ìyàwó Adéṣiyùn, ẹ̀gbọ́n yín, wálé. A ó jí. A ó jẹ ẹ̀kọ. A ó rìn gba ọ̀nà odò. Wọn yóò lu ìlù, ìlù náà yóò dún díẹ̀, yóò sì dákẹ́. A ó mú ìyàwó, a ó sì padà sílé. Bámitálẹ̀ wa tí kì í fẹ́ ariwo ni yóò ṣíwájú. Bó bá dúró, ẹ dúró.